Ogójì Ọjọ́ Tí Èmi Nìkan Kà

Ìwé náà kò ju ojú ewé méjì lọ. Ilé iṣẹ́ ìmọ́tótó tí ìyàwó mi ń bá ṣiṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn kan ní Padova ló fi í ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń nu ilẹ̀ àti ibùsùn ní àkókò tí àrùn kòrónà ń gbé ènìyàn lọ nínú àwọn yàrá wọ̀nyẹn. Wọ́n ṣẹ́ kèké, kèké sì mú Sìdíkátù, ìyàwó mi. Ọjọ́ méje ni, nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá tí àwọn olówó fi ń ṣe fàájì, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní crociera. Òun àti ẹnì kan ló wà fún. Láti Marghera ni ọkọ̀ yóò ti gbéra, ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbé ènìyàn dé láti ilé wa kí tíì tó tutù nínú ife.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ka ìwé náà, nítorí òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo máa ń wà nílé. Piacenza ni iṣẹ́ mi wà nígbà náà, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tó gùn débi pé ẹni tó bá dúró ní ìkángun kan kò lè dá ojú ẹni tó wà ní ìkángun kejì mọ̀. Sìdíkátù gbé ìwé náà síwájú mi lórí tábìlì, ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé ara wọn bí ọmọ ilé kéwú tó ń dúró kí àfáà yẹ wàláà òun wò.

Ó ní, "Bàbá Ràfíà, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ níbẹ̀? Kì í ṣe òkun. Mo fẹ́ sùn lórí ibùsùn tí ẹlòmíràn tẹ́. Kí n jí, kí n fi í sílẹ̀ ní rúdurùdu, kí n jáde lọ jẹun. Kí n padà dé, kí n bá a pé wọ́n ti tún un tẹ́."

Mo bi í bóyá èyí náà ni wọ́n ń pè ní ìgbádùn. Ó ní tí mo bá ti tẹ́ ogún ibùsùn láàárọ̀ ọjọ́ kan rí, n kò ní béèrè.

Òfin pọ̀ nínú ìwé náà. A gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí green pass tó jẹ́rìí sí i sì wà nínú fóònù wa. Wọn yóò ki igi olówùú bọ̀ wá nímú ní èbúté kí a tó wọlé, ìyẹn ni tampone. A ó lo ìbòmú níbikíbi tí èèyàn bá pọ̀ sí. Tí ọkọ̀ bá dé ìlú kan, a kò gbọdọ̀ dá rìn. Ẹgbẹ́ kan náà la ó bá jáde, òun náà la ó bá wọlé, bí ọmọ ilé ìwé. Tí àyẹ̀wò bá sì fi àrùn hàn lára ẹnì kan, òun àti ẹni tí wọ́n jọ wà ní yàrá yóò bọ́ sí ìyàsọ́tọ̀, ìyẹn quarantena.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ràfíà, ọmọ wa obìnrin tó ń lọ sí ọdún mẹ́rìndínlógún, ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. Yorùbá la fi ń bá a sọ̀rọ̀. Èdè ibí ló fi ń dá wa lóhùn. Ó ní, "Papà, ma ci vai o no?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá màá lọ tàbí n kò ní lọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó.

"Ẹ rò ó," ni ìyàwó mi wí. "Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò ó pẹ́ bí ẹ ṣe ro ti fìríìjì." Fìríìjì ọ̀hún gbà wá ní ọdún méjì.

N kò kàwé lọ títí. Mo ṣe ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwó, mo sì parí Kùránì lọ́dọ̀ àfáà àdúgbò wa. Ohun tó kù, iṣẹ́ ló kọ́ mi. Torino ni mo kọ́kọ́ gbé nígbà tí mo dé ilẹ̀ yìí. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Ilé alájà mẹ́fà ni wọ́n fi mí wọ̀ sí, mo sì ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lórí àtẹ̀gùn. Mo ń tẹrí ba, mo ń béèrè àlàáfíà wọn, bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá arúgbó kan dúró, ó wò mí, ó fi ọwọ́ bo àpò rẹ̀, ó sì bi mí pé kí ni mo ń fẹ́. N kò fẹ́ nǹkan kan. Ìkíni ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kọ́ láti máa gun àtẹ̀gùn bí ẹni tí kò rí ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tí mo kọ́ lórí àtẹ̀gùn yẹn ti bá mi wọ inú yàrá: mo ti di ẹni tí kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ènìyàn, títí kan àwọn tó jẹ́ tèmi.

Èdè wọn, nínú ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti kọ́ ọ. Páálí ni ìwé mi. Mo mọ òkè, mo mọ ìsàlẹ̀, mo mọ ohun tó wúwo àti ohun tó lè fọ́. Mo sì mọ nọ́ńbà ju ohun gbogbo lọ, nítorí ogójì páálí là ń tò sórí pákó kan kí ọkọ̀ tó gbé e. Quaranta. Mo ti pe ọ̀rọ̀ yẹn ju orúkọ ọmọ mi lọ. Ní ọjọ́ tí mo gba ìwé àṣẹ láti máa wa ọkọ̀ kékeré tó ń fi irin méjì gbé ẹrù sókè, èmi tí n kò ṣe ìdánwò kankan mọ́ láti Prámárì Síìsì, mo ya fọ́tò ìwé náà, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Ìyá mi ní Ìwó ní kí wọ́n bá àwọn tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n sì fi kọ́ ara ògiri.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí quarantena nínú ìwé crociera, n kò wá ìtumọ̀ lọ síbì kan. Ogójì ọjọ́ ni. Ó sì bá ohun tí mo mọ̀ láti ilé mu. Obìnrin tó bá bímọ ní agbo ilé wa, ogójì ọjọ́ ni yóò lò nínú ilé kó tó jáde. Ẹni tó bá kú, a ń ṣe àdúà ogójì ọjọ́ fún un. Ogójì ni iye ọjọ́ tí ènìyàn fi ń wà lọ́tọ̀ sí àwọn ẹlòmíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àrùn náà, ó ju ogójì ọjọ́ lọ tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá láti ìlú kan sí ìkejì, tí n kò fi ojú kan ìyàwó àti ọmọ mi. Lójú mi, ogójì tilẹ̀ kéré.

Mo kúkú béèrè, lẹ́ẹ̀kan yẹn. Àgbà kan tó jẹ́ ará ìlú mi ni a jọ ń gbé yàrá ní Piacenza, a sì jọ ń ṣiṣẹ́. Bàbá Múkáílà là ń pè wọ́n. Wọ́n ń gé àlùbọ́sà nígbà tí mo wọlé.

"Bàbá, ọjọ́ mélòó ni quarantena?"

Wọn kò gbójú sókè. "Ìwọ náà. Kí ni quaranta?"

"Ogójì."

"Ó tán."

Báyìí ni àwa méjèèjì tí a kò mọ̀ ṣe jẹ́rìí fún ara wa.

Ohun tó mú kí ogójì yẹn wúwo ni contratto mi, ìwé àdéhùn iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń fún mi. Tó bá parí, wọ́n lè tún un ṣe, wọ́n sì lè má tún un ṣe. Ìyàwó mi kò mọ̀. Ní ọdún kan ṣáájú, mo ti sọ fún un pé wọ́n ti sọ mí di òṣìṣẹ́ gbogbo ìgbà. Ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tó ń to ẹ̀rọ ìfọṣọ nínú ilé iṣẹ́ kan ní Pordenone, ti di òṣìṣẹ́ gbogbo ìgbà, ọ̀rọ̀ náà kò sì tán lẹ́nu ọ̀rẹ́ ọ̀hún. Sìdíkátù gba tèmi gbọ́, ó sì ròyìn rẹ̀ fún àwọn obìnrin ní mọ́ṣáláṣí. Irọ́ kékeré ni mo pè é nígbà náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo ń ro ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà lọ́wọ́, capo wa, ọ̀gá tó ń darí wa lẹ́nu iṣẹ́, pè wá jọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ńlá. Ó ní ẹrù ti pọ̀, àwọn kan sì ń fi àrùn ṣe àwáwí. Ó wá sọ gbólóhùn kan tó yé mi yékéyéké, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí n kò mọ̀: "Chi va in quarantena resta a casa per sempre." Ẹni tó bá lọ sí quarantena, kó jókòó sílé rẹ̀ títí láé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Mo ṣe ìṣirò. Ọjọ́ méje lórí omi, ogójì nínú yàrá, ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta. Kí n tó jáde, contratto mi á ti parí, ẹlòmíràn á sì ti jókòó sórí ọkọ̀ tí mo ń wà. Ara mi le, n kò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi kankan, ṣùgbọ́n mo ti ka ara mi mọ́ àwọn tó ti lọ.

Mo pe Ìyá. Mo rò pé ẹ̀rù yóò bà wọ́n, nítorí òkú nìkan ni wọ́n ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ tí wọ́n bá dárúkọ òkun àti Yúróòpù. Ẹ̀rù kò bà wọ́n. Wọ́n béèrè bóyá ọkọ̀ náà ní òrùlé. Mo ní ó ní ju àjà mẹ́wàá lọ.

"Mú ìyàwó rẹ lọ," ni wọ́n wí. "Ọmọ yẹn ti ṣiṣẹ́ jù. Nígbà tí mo rí i kẹ́yìn nínú fóònù, ọrùn rẹ̀ ti gùn. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kó lọ."

Nígbà tí mo dé Padova ní Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, Sìdíkátù ti yọ híjáàbù tuntun méjì sọ́tọ̀, ó sì ti kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù náà. Ọwọ́ mi nìkan ló kù kí n bù lù ú. Ó bi mí pé kí ni mo rò sí. N kò lè dárúkọ contratto, nítorí lójú rẹ̀ mo ti di òṣìṣẹ́ gbogbo ìgbà. Mo la ẹnu, ohun tó sì jáde ni pé Ìyá kọ̀. Mo ní Ìyá ní ọmọ òun kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi láéláé.

Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Tí mo bá ní ẹ̀rù ń bà mí, yóò fi mí ṣe ẹ̀rín títí màá fi gbà. Tí mo bá ní wọn kò fún mi láyè níbi iṣẹ́, yóò pe ọ̀gá mi, nítorí ó gbọ́ èdè wọn jù mí lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí obìnrin tí wọ́n tọ́ dáadáa lè fi dá ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ padà.

Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan péré: "Ìyá ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ká fọ́ọ̀mù náà sí mẹ́rin. Mo ní kó mú Ràfíà lọ dípò mi.

"Kí n jókòó sídìí tábìlì láàárín àwọn tọkọtaya, kí wọ́n máa bi mí pé ọkọ mi dà?" ni ó wí. "Èmi kì í ṣe opó."

Ní ọjọ́ Ajé, ó yọ̀ǹda àyè náà fún obìnrin ará Romania kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀ lọ, wọ́n sì bọ̀. Kò sí ẹni tó ṣàìsàn nínú ọkọ̀ náà. Lójoojúmọ́ ni ó ń fi fọ́tò ránṣẹ́. Nínú ọ̀kan, wọ́n fi tówẹ̀lì ká ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn méjì sórí ibùsùn. Sìdíkátù fi hàn mí, ó ní, "Ẹ wo ohun tí wọ́n fi tówẹ̀lì ṣe." Ràfíà ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìyá òun gbìyànjú láti fi tówẹ̀lì wa ká ọ̀kan. Tiwa ti gbó jù. Ọrùn ẹyẹ náà kò dúró.

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí contratto mi parí. Capo kò pè mí. Àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú kan ló wọ inú fóònù mi, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó parí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi to páálí fún wọn. N kò pa ọjọ́ kan jẹ, n kò lọ sí quarantena kankan. Ẹni tí wọ́n fi sípò mi, èmi gan-an ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ náà.

Ohun tó ń dùn mí jù kì í ṣe iṣẹ́ nìkan. Mo ti rò pé tí ènìyàn bá ń dé ibì kan lójoojúmọ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí, ibẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n. Mo mọ ohùn gbogbo ẹ̀rọ inú ilé yẹn. Mo mọ ibi tí òjò ń gbà wọlé. Nígbà tí mo lọ kó bàtà iṣẹ́ mi, ọmọdékùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu géètì ní kí n fi ìwé ìdánimọ̀ hàn, nítorí kò rí orúkọ mi mọ́ nínú ẹ̀rọ rẹ̀.

Ilé pàápàá kò dùn mọ́. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́, Sìdíkátù mọ̀ pé n kò fìgbà kan jẹ́ òṣìṣẹ́ gbogbo ìgbà. Kò bá mi jà. Ó kàn wí pé, "Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí ń kí yín." Ní Ìwó, Ìyá sì ń bi mí léraléra pé kí ni àwọn fi ṣẹ ìyàwó mi. Wọ́n ní ó ṣì ń pè lọ́jọ́ Jímọ̀ bó ṣe máa ń pè, ṣùgbọ́n ó ń kí àwọn bí ẹni tó ń ka ìwé, kì í dúró gbọ́ ìròyìn mọ́. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ fún un.

Ìdájọ́ òdodo ni mo ń wá, n kò sì tijú láti sọ ọ́. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, mo lọ sí ọ́fíìsì sindacato, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn òṣìṣẹ́, ní Piacenza. Sìdíkátù bá mi lọ, nítorí èdè tèmi kò kọjá páálí. Obìnrin kan tó so awò ojú mọ́ ọrùn ló gbà wá lálejò. Ó ní kí n ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n má yọ nǹkan kan sílẹ̀, nítorí ohun tí mo bá yọ sílẹ̀ ni wọn yóò fi mú mi. Mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá, ìyàwó mi ń túmọ̀ rẹ̀.

Mo dé ibi ọ̀rọ̀ tí capo sọ. Ó túmọ̀ rẹ̀. Mo dé ibi tí mo ti sọ pé torí ọ̀rọ̀ náà ni mo fi kọ crociera sílẹ̀, tí n kò fi lọ. Ó yí ojú sí mi. Obìnrin náà bi í pé kí ni mo wí. Ó wá túmọ̀ rẹ̀, ohùn tó sì fi túmọ̀ rẹ̀ ni èyí tó fi máa ń ka ara páálí oògùn fún mi. Mo dé ibi ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀. Ó béèrè bí mo ṣe rí iye yẹn. Mo ní méje àti ogójì. Ó ní ogójì wo. Mo ní quarantena.

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó yẹ kí n sọ ìyẹn. Ó ṣàlàyé pé ní àkókò náà, ọjọ́ méje ni fún ẹni tó gba abẹ́rẹ́ tó sì súnmọ́ aláìsàn, mẹ́wàá fún ẹni tí àrùn bá mú, tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé ó ti lọ. Ó ní ogójì tèmi, òótọ́ ni nígbà kan rí. Ní Venezia láyé àtijọ́, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi ń dá ọkọ̀ ojú omi dúró kí èrò inú rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.

"Ó ní ẹ kò ṣì í," ni Sìdíkátù túmọ̀ fún mi. "Ó ní ẹ kàn pẹ́ dé ni, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Inú ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá bi í ní Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, ì bá ti sọ iye ọjọ́ náà fún mi láìgbé ojú kúrò lórí ohun tó ń ṣe.

Obìnrin náà ní bó jẹ́ mẹ́wàá, bó jẹ́ ogójì, ọ̀gá mi kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìyẹn dẹ́rù ba òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ mi sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tí mo bá ní ẹlẹ́rìí. Bàbá Múkáílà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Ó wá bi mí pé ta ni mo sọ fún nígbà náà, ta ló mọ̀ pé ìdí tí n kò fi lọ nìyẹn. Mo wo ìyàwó mi. Obìnrin náà pẹ̀lú wò ó. Ó fa ìwé kan yọ, ó kọ ìlà mẹ́rin sí i bí ẹni pé Sìdíkátù ló ń sọ ọ́, pé ní oṣù náà ọkọ mi sọ fún mi pé torí ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ sọ ni kò ṣe ní lọ. Ó ní kí Sìdíkátù bu ọwọ́ lù ú.

Sìdíkátù kà á tán, ó dojú ìwé náà bolẹ̀ lórí tábìlì, ó sì fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Kí n bu ọwọ́ lù ú pé ẹ sọ fún mi?"

Mo ní ìlà mẹ́rin péré ni.

"Bàbá Ràfíà, kí lẹ sọ fún mi?"

Mo wo ẹ̀yìn ìwé náà.

"Ìyá lẹ sọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kírun Jímọ̀ tán, tí mo ń gbé fóònù bí ẹni gbé òkúta. Mo ń kí wọn, inú ń bí mi sí wọn. Wọ́n ń ṣàdúà fún mi, n kò ṣe àmín dé inú."

Obìnrin náà bi í pé kí la ń sọ. Ó dáhùn ní èdè wọn pé òun kò lè bu ọwọ́ lu ohun tí òun kò gbọ́. Obìnrin náà wo èmi, ó wo òun, ó rọra fa ìwé náà padà. Ó ní àwọn yóò ṣì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kí n má gbójú lé e.

Ọ̀sán ni, ibùdó ọkọ̀ ojú irin kún. A dúró de ọkọ̀ Padova. Sìdíkátù yọ fóònù, ó pe Ìyá, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ náà kì í ṣe Jímọ̀. Bí ohùn Ìyá ṣe wọlé, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, láàárín àwọn tó ń fa àpótí kọjá. Ọkùnrin kan dúró, ó bi í bóyá nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi, Ìyá," ni ó ń wí. "Ẹ forí jì mí."

Mo ń gbọ́ Ìyá láti ibi tí mo dúró sí, wọ́n ń béèrè pé kí ló dé, ta ló ṣẹ ta, ṣé kò sí láburú. Kò sọ fún wọn. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó na fóònù sí mi.

"Ẹ sọ fún wọn fúnra yín," ni ó wí. "Èmi ò túmọ̀ mọ́."

Mo ṣì ní ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò tíì fi í sílẹ̀. Mo gba fóònù náà. Mo kí Ìyá. Wọ́n jẹ́ mi lóhùn, wọ́n sì ń dúró kí n sọ̀rọ̀.